Kì í Ṣe Àìmọ̀kan Ló Ń Pa Aláboyún

Bí ọ̀sẹ̀ ìlera ìyá àti ọmọ bá ti dé, a ti mọ ohun tí a máa gbọ́. Wọ́n á ta ìbòrí sí gbàgede ìjọba ìbílẹ̀, wọ́n á pín fìlà àti aṣọ tí wọ́n ya àwòrán gómìnà sí, kọmíṣọ́nnà á gba ẹ̀rọ gbohùngbohùn, á sì bẹ̀rẹ̀ sí í bá àwọn obìnrin wí. Ẹ yé bímọ sílé agbẹ̀bí ìjọ. Ẹ yé mu àgbo. Ẹ tètè máa forúkọ sílẹ̀ nílé ìwòsàn. Àìmọ̀kan ló ń pa yín. Tó bá dìrọ̀lẹ́, sọ̀rọ̀sọ̀rọ̀ orí rédíò á gba ọ̀rọ̀ náà lẹ́nu rẹ̀, àwọn olùgbọ́ á máa pè wọlé: ẹnì kan á ní olórí kunkun ni obìnrin wa, ẹlòmíì á ní pásítọ̀ ló tàn wọ́n jẹ. Kò sí ẹni tí yóò béèrè pé ilé ìwòsàn tí a ní kí wọ́n wá yìí, kí ló wà níbẹ̀?

Èrò yìí ti ràn débi pé àwọn tó kàwé jù láàárín wa gan-an ló ń gbé e kiri: pé ohun tó ń fa wàhálà oyún àti ìbímọ lórílẹ̀-èdè bíi tiwa ni pé ìyá kò mọ̀, tàbí pé ó mọ̀ kò gbà, ìlanilọ́yẹ̀ sì ni oògùn rẹ̀. Èmi kò gbà. Ẹ̀bi tí a dà bo aláboyún yìí, kì í ṣe tirẹ̀, bí a sì ṣe ń bá a wí lọ́dọọdún, ẹ̀tẹ̀ la fi sílẹ̀ tí à ń pa làpálàpá.

Ẹ wo bí ọ̀rọ̀ náà ti tó ná. Àjọ Ìlera Àgbáyé ṣírò pé ní 2023, nǹkan bí 260,000 obìnrin ló kú nítorí oyún tàbí ìbímọ káàkiri ayé. Nàìjíríà nìkan kó nǹkan bí 75,000 nínú wọn, ó lé ní ìdá kan nínú mẹ́rin. Ìṣirò àjọ náà fún 2020 sọ pé bí a bá bí 100,000 ọmọ láàyè ní Nàìjíríà, ìyá 1,047 ló ń kú. Ní Gánà, 263 ni. Gánà kò jìnnà sí wa. Àwọn náà ní pásítọ̀, wọ́n ní àgbo, wọ́n ní ìyá ọkọ tó ń pàṣẹ nínú ilé. Ṣé obìnrin Gánà ló wá gbọ́n ju tiwa lọ nílọ̀ọ́po mẹ́rin ni? Láti 2008 ni ìjọba Gánà ti ní kí aláboyún wọ inú ètò adójútòfò ìlera láìsan kọ́bọ̀. N kò sọ pé ìyẹn nìkan ló fa ìyàtọ̀ náà, ṣùgbọ́n ẹni tó bá fẹ́ fi àìmọ̀kan ṣàlàyé rẹ̀ ní iṣẹ́ ńlá lọ́rùn. (Àwọn oníṣirò ń jiyàn lórí iye tiwa: ìwádìí ìlera ìdílé tí wọ́n ṣe ní Nàìjíríà ní 2018 pè é ní 512. Ẹ mú èyí tó bá wù yín níbẹ̀, kò sí èyí tó dùn ún gbọ́.)

Àìmọ̀kan wo ni wọ́n tiẹ̀ ń sọ? Obìnrin wo nílẹ̀ Yorùbá ni kò mọ̀ pé ìkúnlẹ̀ léwu? Ẹ kú ewu là ń kí ẹni tó bímọ. Àdúrà ká gbóhùn ìyá ká gbóhùn ọmọ, ọmọdé pàápàá mọ̀ ọ́n. Ìyá tó ń ta ata lọ́jà mọ ẹni tí ẹ̀jẹ̀ ya kú lára rẹ̀, ó mọ ẹni tí gìrì mú lórí ìkúnlẹ̀, ó lè júwe ilé wọn fún yín. Kò sí ohun tí kọmíṣọ́nnà fẹ́ sọ fún un nípa ikú tí kò tíì fojú rí.

Ẹ lọ dúró lẹ́nu ọ̀nà ilé ìtajà oògùn tó kọjú sí ilé ìwòsàn ìjọba. Kò ní pẹ́ tí ẹ ó fi rí ọkọ kan tó di bébà mọ́wọ́. Lísìtì ìbímọ nìyẹn: ìbọ̀wọ́ páálí kan, òwú, spirit, Dettol, Izal, Jik, bíléèdì, abẹ́rẹ́, ohun tí wọ́n fi ń di ìwọ́ ọmọ, ọ̀rá tí wọ́n ń tẹ́ sórí bẹ́ẹ̀dì, páàdì, omi tí wọ́n ń fà síni lára. Yóò fi bébà náà lé olóògùn lọ́wọ́, yóò ní kó ṣírò gbogbo rẹ̀ pọ̀. Tó bá gbọ́ iye rẹ̀ tán, yóò dákẹ́, yóò tún bébà náà kà láti òkè délẹ̀, yóò wá béèrè pé èwo làwọn lè yọ níbẹ̀. Olóògùn tí kì í ṣe nọ́ọ̀sì, tí kò sì rí aláboyún náà rí, ni yóò bá a pinnu pé kí wọ́n já ìbọ̀wọ́ tà fún un ní méjì-méjì, kí wọ́n fi Jik sílẹ̀ ná. Owó káàdì wà lọ́tọ̀, ti àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ lọ́tọ̀, ti skánì lọ́tọ̀. Láwọn ibòmíì, wọ́n á ní kí ọkọ wá fa páìnǹtì ẹ̀jẹ̀ kan sílẹ̀ kí wọ́n tó gba orúkọ ìyàwó rẹ̀. Ìbímọ wẹ́rẹ́ ni gbogbo èyí o. Bó bá di iṣẹ́ abẹ, owó àsansílẹ̀ á dé, ẹbí á bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ fóònù kiri láàárín òru.

Bọ́ sí òdìkejì títì, ilé agbẹ̀bí ìjọ ló wà níbẹ̀. Ìyá agbẹ̀bí mọ orúkọ aláboyún náà, ó mọ orúkọ ìyá tó bí i. Ó ń gba owó díẹ̀díẹ̀, ó sì máa ń gbà kí wọ́n san ìyókù tí oṣù bá parí. Kì í daṣẹ́ sílẹ̀, kì í tilẹ̀kùn lóru. N kò sọ pé ibẹ̀ dára láti bímọ o; bí ẹ̀jẹ̀ bá ń ya níbẹ̀, àdúrà àti omi ìyàsímímọ́ ni wọ́n ní, ìyẹn kì í dá ẹ̀jẹ̀ dúró. Ohun tí mò ń sọ ni pé obìnrin tó gba ibẹ̀ lọ ti gbọ́ rédíò dáadáa. Ó ṣírò ohun tó wà lápò rẹ̀ ni. Nínú náírà mẹ́wàá tí à ń ná lórí ìlera ní Nàìjíríà, ó lé ní méje tó ń ti àpò aláìsàn àti ẹbí rẹ̀ jáde. Ní irú ilẹ̀ bẹ́ẹ̀, kí ẹnì kan máa pe ìṣirò ní àìmọ̀kan, ó dà bíi pé olúwarẹ̀ kò sanwó ilé ìwòsàn fúnra rẹ̀ rí.

Ní 1994, àwọn olùwádìí méjì, Sereen Thaddeus àti Deborah Maine, kọ ohun tí àwọn onímọ̀ ìlera ìyá ṣì ń tọ́ka sí títí dòní. Wọ́n ní ìdádúró mẹ́ta ló ń pa ìyá: kí ẹbí tó pinnu pé ó tó lọ sílé ìwòsàn, kí wọ́n tó débẹ̀, àti kí ìtọ́jú tó kàn án lẹ́yìn tó ti débẹ̀. Àkọ́kọ́ nìkan ni ìwàásù orí rédíò kàn, kò tiẹ̀ kan gbogbo rẹ̀, torí pé owó wà nínú ohun tó ń dá ìpinnu dúró, ohun tí wọ́n fojú obìnrin náà rí nígbà tó lọ bí àkọ́bí rẹ̀ sì wà níbẹ̀ pẹ̀lú. Ẹ̀kẹta wá ńkọ́? Ẹni tó dùbúlẹ̀ sórí bẹ́ẹ̀dì ilé ìwòsàn tó ń kú lọ, kí la fẹ́ là á lọ́yẹ̀ lé lórí?

Ẹ jẹ́ kí n dúró lórí ẹ̀jẹ̀, nítorí òun ló ń pa ìyá jù. Bí ilé ọmọ kò bá sún kì lẹ́yìn tí ọmọ jáde, ẹ̀jẹ̀ á máa ya, obìnrin tó ń bá yín sọ̀rọ̀ lè kú láàárín wákàtí méjì. Oxytocin ni oògùn tó ń mú ilé ọmọ sún kì, kò sì wọ́n. Ṣùgbọ́n inú fíríjì ló ń gbé, ní ìwọ̀n òtútù 2 sí 8. Nílé ìwòsàn alábọ́ọ́dé tí kò rí iná fún ọjọ́ mélòó kan, tí ẹnikẹ́ni kò ra epo sí jẹnẹrétọ̀ rẹ̀, nọ́ọ̀sì lè gún oògùn tí agbára rẹ̀ ti lọ sí obìnrin lára, kó ṣì máa rò pé òun ti ṣe ohun tó yẹ kóun ṣe.

Ọ̀jọ̀gbọ́n Oladosu Ojengbede ti ilé ìwòsàn UCH Ìbàdàn wà lára àwọn tó gbé aṣọ kan yẹ̀ wò fún obìnrin tí ẹ̀jẹ̀ ń ya lára rẹ̀. Aṣọ náà nípọn, ó pín sí awẹ́-awẹ́. Wọ́n ń wé e mọ́ obìnrin láti ọrùn ẹsẹ̀ gòkè dé ikùn, wọ́n á fà á le dáadáa, á sì ti ẹ̀jẹ̀ tó kù lára rẹ̀ padà síbi ọkàn àti ọpọlọ. Kì í ṣe ìwòsàn. Ó kàn ń ra àkókò ni. Wọ́n dán an wò láwọn ilé ìwòsàn ńláńlá, àwọn ibi tí wọ́n ń gbé aláìsàn wá láti ibòmíì, ó sì gba ẹ̀mí là. Ẹ rò ó wò: níbi tó yẹ kó jẹ́ òpin ọ̀nà, aṣọ la nílò láti fi di ẹ̀mí obìnrin mú títí wọ́n á fi rí ẹ̀jẹ̀ tí wọ́n máa fà sí i lára. Ta ni kò mọ̀ nínú ọ̀rọ̀ yìí?

Ìwádìí kan tún jáde ní 2023, E-MOTIVE lorúkọ rẹ̀. Ilé ìwòsàn 80 ni wọ́n ti ṣe é, ní Kẹ́ńyà, Nàìjíríà, Gúúsù Áfíríkà àti Tànsáníà, àwọn obìnrin tó sì bímọ níbẹ̀ lásìkò náà lé ní 200,000. Kò sí idán kankan nínú ohun tí wọ́n ṣe. Wọ́n tẹ́ ọ̀rá kan sábẹ́ ìdí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ. Ọ̀rá náà ní àpò tó ń gba ẹ̀jẹ̀, wọ́n fa ìlà ìwọ̀n sí i lára, kí nọ́ọ̀sì má baà máa fojú díwọ̀n ẹ̀jẹ̀ tó ti rin aṣọ àti òwú. Bí ẹ̀jẹ̀ bá ti kan ìlà, gbogbo ìtọ́jú bẹ̀rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà: wọ́n á máa fọwọ́ ra ilé ọmọ láti orí ikùn, wọ́n á lo oxytocin, wọ́n á lo tranexamic acid, wọ́n á fa omi sí i, wọ́n á yẹ̀ ẹ́ wò bóyá ó fàya níbì kan. Tẹ́lẹ̀, ọ̀kan ni wọ́n máa ń gbìyànjú, wọ́n á dúró wò ó, kí wọ́n tó kan èkejì, ẹ̀jẹ̀ kò sì dúró dè wọ́n. Ẹ̀jẹ̀ yíya tó le, iṣẹ́ abẹ nítorí rẹ̀, àti ikú tó fà, lápapọ̀, fi ìdá 60 nínú 100 dín sí ti àwọn ilé ìwòsàn tó ń bá ìṣe àtẹ̀yìnwá lọ.

Kò sí aláboyún kankan tí wọ́n là lọ́yẹ̀ nínú ìwádìí yẹn. Ọwọ́ òṣìṣẹ́ àti ohun èlò tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ ni wọ́n tún ṣe.

Bákan náà ni gìrì aláboyún. Ìwádìí Magpie, tó kan obìnrin tó lé ní 10,000 lórílẹ̀-èdè 33, ti fi hàn láti 2002 pé magnesium sulphate ń dín ewu gìrì kù ní ìdajì. Oògùn àtijọ́ ni, kò lówó lórí. Ẹ̀jẹ̀ ríru tó sì ń ṣáájú gìrì, ẹ̀rọ tí wọ́n ń wé mọ́ apá lásán ni wọ́n fi ń mọ̀ ọ́n. Bí aláboyún bá wá ní gbogbo ìgbà tí wọ́n dá fún un, tí bátìrì ẹ̀rọ náà ti kú, kí tún lẹ fẹ́ kó ṣe?

Ẹni tó bá ṣì gbà pé ìwé ló máa gbani, kó wo Amẹ́ríkà, níbi tí ọ̀pọ̀ ọmọ wa wà. Àjọ CDC, tó ń rí sí ìdènà àrùn níbẹ̀, tẹ ìwádìí kan jáde ní 2019: obìnrin aláwọ̀ dúdú tó gboyè yunifásítì ń kú nítorí oyún ju obìnrin aláwọ̀ funfun tí kò parí ilé ẹ̀kọ́ girama lọ. Wọ́n mọ̀wé, wọ́n mọ ara wọn. Ẹni tó yẹ kó gbọ́ wọn ni kò gbọ́.

Ó ku ohun kan tí àwọn alátakò mi ní tó lágbára, n kò sì ní bò ó mọ́lẹ̀. Àwọn obìnrin kan wà tí wọ́n sọ fún pé iṣẹ́ abẹ ló máa gbà á, tó ní Ọlọ́run òun kò ní jẹ́ kí abẹ kan òun, pé bí obìnrin Hébérù lòun á ṣe bí, tó sì sá kúrò nílé ìwòsàn lọ sórí òkè àdúrà. Àwọn mìíràn nínú wọn lówó lọ́wọ́. Àwọn kan kú bẹ́ẹ̀, ọmọ wọn tẹ̀lé wọn. Pásítọ̀ tó ń wàásù pé ẹni tí ìgbàgbọ́ rẹ̀ kéré ni wọ́n ń ṣe iṣẹ́ abẹ fún jẹ̀bi ẹ̀jẹ̀, kò sì sí bí mo ṣe lè gbà á sílẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ wo ibi tí ìbẹ̀rù náà ti hù. Ládùúgbò tó jẹ́ pé ẹni tó ti dákú ni wọ́n ń gbé lọ fún iṣẹ́ abẹ, lẹ́yìn tí wọ́n ti fi odindi ọjọ́ kan wá owó, òkú ni wọ́n sábà ń gbé padà. Àwọn tó ń wò wọ́n látẹnu ọ̀nà kò ní ẹ̀kọ́ méjì tí wọ́n lè rí kọ́ níbẹ̀. Ìgbà tí àdúgbò bá ń rí àwọn tó lọ lásìkò, tí wọ́n fi ẹsẹ̀ ara wọn rìn wọlé pẹ̀lú ọmọ lọ́wọ́, ni òkìkí pásítọ̀ yẹn á tó dànù.

A ti rí i nítòsí ibí bí wọ́n bá ṣílẹ̀kùn fún obìnrin. Ní 2009, Olusegun Mimiko, tó jẹ́ dókítà, di gómìnà ìpínlẹ̀ Oǹdó, ètò Abíyè sì bẹ̀rẹ̀ ní ìjọba ìbílẹ̀ Ìfẹ́dọ̀rẹ́. Wọ́n fún aláboyún ní fóònù, wọ́n yan òṣìṣẹ́ tí yóò máa ṣọ́ wọn délé. Nígbà tó máa di 2010, wọ́n ṣí ilé ìwòsàn ìyá àti ọmọ ní Àkúrẹ́, ọ̀fẹ́ ni ìtọ́jú níbẹ̀, iṣẹ́ abẹ pàápàá. Kí làwọn olórí kunkun wa ṣe? Wọ́n ya débẹ̀ títí bẹ́ẹ̀dì fi ń wọ́n wọn. Àwọn mìíràn ń ti ìpínlẹ̀ tó múlé tì wọ́n wá. Àwọn agbẹ̀bí ìbílẹ̀ àti ti ìjọ ńkọ́? Wọn kò rán ọlọ́pàá sí wọn. Ètò Agbébíyè, tó bẹ̀rẹ̀ ní 2014, ń sanwó fún wọn nígbà náà lórí aláboyún tí wọ́n bá mú wá sílé ìwòsàn, ó sì ń kọ́ wọn níṣẹ́ mìíràn tí wọ́n á fi máa jẹun. Ẹni tí ìjọba ibòmíì ń fi ẹ̀wọ̀n halẹ̀ mọ́, Oǹdó sọ ọ́ di amọ̀nà. Lẹ́yìn tí Mimiko lọ ní 2017, láàárín ọdún mélòó kan, owó sísan padà wọlé síbẹ̀. Ẹ má sọ fún mi pé àwọn obìnrin Oǹdó gbọ́n láàárín 2010 sí 2017 tí wọ́n sì tún gọ̀ lẹ́yìn ìyẹn.

Ní orílẹ̀-èdè Bẹ̀nẹ̀, níbi tí àwọn èèyàn wa ní Kétu àti Ṣábẹ̀ẹ́ wà, iṣẹ́ abẹ ìbímọ ti di ọ̀fẹ́ láti oṣù kẹrin 2009. Ìjọba ló ń san 100,000 sẹ́fà fún ilé ìwòsàn lórí obìnrin kọ̀ọ̀kan. Ètò náà ní àbùkù: owó ọkọ̀ kò sí nínú rẹ̀, àwọn tó ń gbé nítòsí ìlú ló sì jẹ ẹ́ jù. Ìjọba àpapọ̀ tiwa náà kéde ní oṣù kọkànlá 2024 pé ọ̀fẹ́ ni fún àwọn tálákà. Ó yẹ ká yìn wọ́n, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ “tálákà” yẹn ń kọ mí lóminú. Ẹnì kan gbọ́dọ̀ yẹ obìnrin náà wò kó tó gbà pé kò lówó. Aago méjì òru ni, ọmọ dábùú nínú rẹ̀. Fọ́ọ̀mù wo ló fẹ́ kọ?

Ọ̀rọ̀ àwọn ọmọ kò yàtọ̀; ìyá kan náà ni wọ́n ń bú bí ọmọ bá rù tàbí tí ìgbẹ́ gbuuru bá pa á. Lápá ìparí àwọn ọdún 1950, dókítà òyìnbó kan, David Morley, tó ń ṣiṣẹ́ nílé ìwòsàn Wesley Guild ní Iléṣà, gbé ìtọ́jú àwọn ọmọ tí kò tíì pé ọdún márùn-ún lọ sí Ìmẹ̀sí-Ilé. Àwọn nọ́ọ̀sì ló ń mójú tó o. Ó ṣe káàdì kan tí wọ́n ń fi àmì ìwúwo ọmọ sí lóṣooṣù, kí wọ́n lè rí i lójú ẹsẹ̀ bí ọmọ kò bá dàgbà bó ṣe yẹ. Dípò kó ti káàdì náà mọ́ ọ́fíìsì, àwọn ìyá ló kó o fún pé kí wọ́n gbé e lọ sílé. Ọ̀pọ̀ wọn kò mọ̀ọ́kọ, wọn kò mọ̀ọ́kà. Wọ́n tọ́jú rẹ̀, wọ́n ń mú un wá, ikú ọmọdé sì lọ sílẹ̀ gan-an nílùú náà. Láti ibẹ̀ ni irú káàdì yẹn ti tàn ká ayé. Àwọn ìyá Ìmẹ̀sí-Ilé yẹn ni ìran àwọn tí wọ́n ní kò mọ nǹkan kan lónìí.

Kí ló wá dé tí èrò yìí kò fẹ́ kú? Ó rọ̀ wá lọ́rùn ni. Fìlà àti aṣọ ìpolongo kò wọ́n tó fíríjì tó ń ṣiṣẹ́ tọ̀sán-tòru. Ọdún 2001 làwọn olórí Áfíríkà ṣèlérí ní Àbújá pé ìdá 15 nínú 100 ìsúnná àwọn á máa lọ sí ìlera. Ìjọba àpapọ̀ wa, tó gbàlejò ìpàdé náà, kò tíì san án rí. Bí obìnrin bá kú, “kò tètè wá” ni ọ̀rọ̀ tó ń pa ẹnu gbogbo wa mọ́. Àwọn nọ́ọ̀sì pàápàá ń sọ ọ́, n kò sì bá wọn jà. Ẹni tó nìkan wà lóru pẹ̀lú obìnrin mẹ́ta tó ń rọbí, tí ẹgbẹ́ rẹ̀ ti jápa lọ sí Lọ́ńdọ̀nù, ó ní láti rí ohun kan sọ fún ara rẹ̀ kó tó lè sùn.

Ìpínlẹ̀ Oǹdó ṣe ohun kan tí àwọn èèyàn kì í sábà dárúkọ bí wọ́n bá ń ròyìn Abíyè. Ní 2010, wọ́n ṣòfin pé ikú aláboyún kankan kò gbọ́dọ̀ lọ láìròyìn, àti pé kí ìgbìmọ̀ kan jókòó wádìí rẹ̀ ní bòókẹ́lẹ́: ìgbà wo ló dé, ta ló kọ́kọ́ rí i, ìgbà wo ni ẹ̀jẹ̀ dé, kí ni kò sí nílé ìwòsàn lóru ọjọ́ náà. Wọn kò ṣe é láti fi ẹnikẹ́ni sẹ́wọ̀n. Àwọn ìpínlẹ̀ tó kù nílẹ̀ Yorùbá lè da irú òfin bẹ́ẹ̀ kọ láàárín oṣù mélòó kan, kò gba ilé kíkọ́, kò gba owó gọbọi. Ohun tó gbà ni kí kọmíṣọ́nnà fara mọ́ ọn pé wọ́n á béèrè ọ̀rọ̀ lọ́wọ́ òun náà.